Ta Ló Fi Àmì Sórí Ìyàwó?

Redan, ní Atlanta
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní, ọdún 2024

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ènìyàn ti ń parọ́, pé àfi kí n máa kọ lẹ́tà. Nítorí náà mo ti ra ìwé kan tó nípọn, inú rẹ̀ ni màá ti máa kọ ọ́, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sórí fóònù Hajarah tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, òun á sì bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Ẹ sọ fún un kó má kà á o!

Màámi, inú mi dùn! Inú mi dùn débi pé bí mo bá ń fọ abọ́ orin ni, bí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì orin ni, ọkọ́ mi á béèrè pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, èmi gan-an ò ní mọ̀ ọ́n sọ. Ilé wa kéré ṣùgbọ́n ó ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí igi mẹ́ta tí kò ní ewé kankan báyìí, wọ́n ní ewé á padà wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ká láti àárọ̀, ó máa ń gbóná jáde látinú ẹ̀rọ, èmi nìkan ni òtútù kì í mú níbẹ̀. Ọkọ́ mi ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Forest Park, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Bí shift rẹ̀ bá parí, tó bá tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé báyìí, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pariwo: "Ìyàwó! Ìyàwó ti dé o!" "Ìyàwó, òtútù ò mú ẹ?" "Ìyàwó, wá jókòó sọ́dọ̀ mi." Àwọn Aunty tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn Uncle tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ mi, Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi bí ẹni pé orúkọ tí ẹ sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn.

Ohun tí mo tún fẹ́ sọ rèé. Ọkọ́ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe eré kan ní ọ̀sán Sátidé, ní Dacula, nílé Bùrọ̀dá Eli. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, Bùrọ̀dá Eli á máa sọ ìtàn ìlú àtijọ́ kan tó kún fún iwin àti olè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ti yan ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà, jagunjagun ni o, ọdẹ ni o, oníṣègùn ni o. Bí ìtàn bá dé ibi kan, wàá sọ ohun tí ẹni tìrẹ fẹ́ ṣe, wàá ju dáìsì olójú ogún, dáìsì ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i fún ọ. Orúkọ ẹni tí o jẹ́, agbára rẹ̀, ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wà lórí pépà kan níwájú rẹ. Olówó orí mi ní kí n máa bá òun lọ láti Sátidé tó ń bọ̀.

Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ jẹ́. Ọdẹ ni, obìnrin ni, Oyèrónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, bí ìyá yín, nítorí àwọn ìtàn pàkúté wọn tí ẹ máa ń sọ fún wa. Ẹ bá mi yọ̀!

Èmi ni tiyín, tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó sójú kan,
Títílọpẹ́


Èjìgbò
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2024

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Hajarah ní òun ò kà á, ṣùgbọ́n kí n tó ṣí i ló ti ń bi mí pé ibo ni wọ́n ń pè ní Dacula.

Inú mi dùn pé inú rẹ dùn. Ṣùgbọ́n o kọ "ọkọ́ mi" síbi mẹ́ta. Ọkọ́ ni irin tí a fi ń ro oko. Ọkọ ni ẹni tí mo fi ọ́ fún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn, ọmọ tèmi ló wá gbé ọkọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ka ibi tí o ti sọ̀rọ̀ eré yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó dàgbà, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń wá nínú eré tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn? Ta ni Eli? Ta ni bàbá rẹ̀? O ní òun nìkan ló ń sọ ìtàn, ìyẹn ni pé òun nìkan ló mọ ibi tó ń kó gbogbo yín lọ. Ṣé wọ́n máa ń ní kí ẹ búra kí ẹ tó jókòó? Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ? Lúdò tí èmi mọ̀, ojú mẹ́fà ni dáìsì rẹ̀ ní, ó sì tó fún gbogbo ìjà tí a jà. Ta ló ń lo ojú ogún, kí ni wọ́n fi ń ṣe?

O tún wá mú orúkọ ìyá mi lọ síbẹ̀. Oyèrónkẹ́ tó dá nìkan dẹ pàkúté ní oko Ìlawó tó fi tọ́ ọmọ márùn-ún, ìwọ fẹ́ kí iwin lé e kiri ní Dacula.

Mi ò ní kí o má lọ, nítorí ọkọ rẹ ló ní kí o wá. Ṣùgbọ́n ya pépà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí, kí èmi fi ojú ara mi rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o má sọ ohun tí ẹ ṣe níbẹ̀ fún ìyá rẹ, dìde kí o máa lọ.

Ìyá rẹ, tí kò tíì gbà,
Rẹ̀mílẹ́kún


Redan
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2024

Màámi,

Ẹ kú àìbalẹ̀ ọkàn mi o. Ọkọ mi, ọkọ mi, ọkọ mi. Ẹ rí i, mo ti kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta! Mo ka lẹ́tà yín sí i létí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní ní páríméèrì fáìfù, ẹ na òun ní ẹgba mẹ́fà nítorí àmì orí "igbá", pé bí òun bá rí igbá títí dòní, ọwọ́ ń ta òun.

Kò sí ìbúra kankan. Bùrọ̀dá Eli máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì àti adìyẹ ni a jẹ. Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Bùrọ̀dá Eli tí wọ́n bí síbí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì; Bùrọ̀dá Ebenezer tí í ṣe ìbátan ọkọ mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́; àti ọkọ mi. Ẹnu ya èmi náà, èmi nìkan ni obìnrin.

Kí n tó jókòó, pépà mi ti wà lórí tábìlì. Wọ́n ti kọ orúkọ sí i: Ìyàwó. Ẹ máa yọ̀, wọ́n tiẹ̀ fi àmì sí i dáadáa! Mo ní, "Bùrọ̀dá Eli, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n Oyèrónkẹ́ ni mo fẹ́ jẹ́, ọdẹ ni." Ó ní, "Ah, Iyawo, we already made you one. Oyeronke too long. Everybody knows Iyawo." Ẹ ò rí bó ṣe ń pè é, Màámi. Ohùn rẹ̀ kì í gòkè níparí, "ìyà wo" ló máa ń dún, bí ẹni ń bi mí pé irú ìyà wo ló ń jẹ mí. Ẹ̀rín pa mí.

Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, Bùrọ̀dá Ebenezer ní, "Iyawo, oúnjẹ dà?" Mo rò pé ìrẹsì ló ń béèrè, mo fẹ́ dìde. Àṣé nínú ìtàn ni! Ó ní jagunjagun òun ti rìn láti àárọ̀, kí Ìyàwó sun ẹran. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi sun ún, wọ́n ní ó wà lórí pépà mi. Mo wò ó, lóòótọ́, ìkòkò kan, iyọ̀, igi ìdáná. Kò sí ọrun, kò sí ọfà. Nígbà tí olè yọ sí wa, mo ní mo fẹ́ ju ìkòkò lù wọ́n. Bùrọ̀dá Eli ò wo ojú mi, ọkọ mi ló yíjú sí: "Niran, is she doing that?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gun òkè lọ bá ọba àwọn olè, wọ́n ní kí Ìyàwó dúró ti ẹṣin. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ẹṣin, Màámi, ẹṣin mẹ́rin tí kò sí níbì kankan láyé.

Mo rẹ́rìn-ín ṣá, kí wọ́n má baà ní mi ò mọ eré. Bí a ṣe ń padà bọ̀, oòrùn ń wọ̀, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú títí a fi délé, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹṣin. Fọ́tò pépà náà rèé, mo fi í tẹ̀lé lẹ́tà.

Èmi Ìyàwó, olùṣọ́ ẹṣin,
Títílọpẹ́


Èjìgbò
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, ọdún 2024

Títílọpẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni? Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí Hajarah tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní yíǹkì ló ń tán lọ, òun á tẹ̀ ẹ́ ní Òṣogbo bí òun bá lọ ra òwú. Mò ń dúró dè é.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Eli bi ọkọ rẹ pé ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ ju ìkòkò. Kí ni Oyèníran dáhùn? O kọ ohun tí Eli sọ, o kọ ti Ebenezer, o kọ ohun tí wọ́n fi ìrẹsì jẹ. O ò kọ ohun tí ọkọ rẹ sọ.

Ó ku ọ̀kan. Ilé tí ọkùnrin mẹ́ta ń jókòó sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé kò sí obìnrin tó jókòó síbẹ̀ rí kí ìwọ tó dé ni? Wá a rí. Béèrè ìdí tó fi dìde.

Ìyá rẹ


Redan
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta, ọdún 2024

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí àwọn igi mi! Ilé ìtọ́jú ti fi ọjọ́ kan kún iṣẹ́ mi. Ọkọ mi ra bàtà òtútù fún mi, ó gbé e pa mọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kí n lè bá a níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ka iná.

Ẹ bi mí ní ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Let her rest, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àbí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóòótọ́.

Obìnrin kan wà. Joanna ni orúkọ rẹ̀, àbúrò Bùrọ̀dá Eli ni, nọ́ọ̀sì ni. Ó máa ń gba inú yàrá náà kọjá láìwo tábìlì. Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún mo tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. Ó bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹṣin ni wọ́n ní kó o máa ṣọ́?" Ó ní orí àga tí mo jókòó sí yẹn lòun jókòó sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Eli mú ìtàn dé ilé ọtí kan, ó ní ọkùnrin kan gbá Joanna mú ní ìdí. Joanna ní òun gbá a létí. Eli ní kó ju dáìsì. Dáìsì kò bọ́ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkùnrin inú ìtàn yẹn kò sì jẹ́ kó gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń yọ. Joanna ní òun ò fẹ́ irú èyí, Eli ní bí ayé àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Joanna wá sọ fún mi pé: "Ejò tó ń yọ iná lẹ́nu wà nínú ìtàn yẹn, gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó kó ọwọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀ ni wọn ò lè gbà gbọ́."

Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé ó dà bíi pé ẹnì kan ń tú àṣírí mi. Ní Fúráìdé mo rò ó pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní màá yá ọrun ọdẹ kan, màá fi ẹṣin sílẹ̀, màá gba ẹ̀yìn òkè, màá gun igi, màá sì ta ọba àwọn olè lọ́fà láti ibi tí kò ti lè rí mi. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún, bí mo ṣe ń dín dòdò. Nígbà tó di Sátidé, kí n tó la ẹnu, Bùrọ̀dá Eli ti sọ pé òjò ńlá rọ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ti wó, wọ́n sì ti gé gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Gbogbo igi, Màámi! Ta ló ń gé igi nínú òjò?

Mo kọ́kọ́ fura sí Joanna, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Mo fura sí fóònù, wọ́n ní fóònù máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Mo bi ọkọ mi, ó ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ó sì lọ da ìdọ̀tí nù, bẹ́ẹ̀ a ti dà á nù láàárọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Shift rẹ̀ le lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ kọ̀wé kíákíá, ẹ jọ̀ọ́,
Títílọpẹ́


Redan
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024

Màámi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí lẹ́tà. Ṣé ara yín le? Àbí mo sọ ohun tí kò dáa?

Fóònù ọkọ mi dún lánàá nígbà tí à ń jẹun, ó gbé e lọ sínú mọ́tò lọ dáhùn. Mo ti rí i tó ń dáhùn fóònù nínú balùwẹ̀ rí, mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Láti ojú fèrèsé mo rí i tó ń fi ọwọ́ ṣàlàyé, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Nígbà tó wọlé ó ní Eli ni, pé ó ń béèrè bóyá a ó wá ní Sátidé tó ń bọ̀.

Inú mi dùn o. Ẹ má rò pé inú mi ò dùn. Mi ò kàn kọrin láàárọ̀ yìí ni.

Títílọpẹ́


Èjìgbò
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 2024

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le. Mo dákẹ́ nítorí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mi ò tíì rí. Àná ni Hajarah ti Òṣogbo dé, pépà náà funfun, ó mọ́. Mo gbé e lọ sójú oòrùn, mo wọ jígí mi, mo jókòó tì í.

O ní Eli ò lè pe Ìyàwó kó já gaara. O ní "ìyà wo" ló ń wí, ohùn rẹ̀ kì í gòkè. Ó dára. Wo orúkọ tó wà lórí pépà yìí. Dò, dò, mí. Àmì ìsàlẹ̀, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, kò ṣi ọ̀kankan. Ẹni tí kò lè fi ẹnu pè é, ta ló bá a fi ọwọ́ kọ ọ́? Eli tí wọ́n bí síbẹ̀? Àbí Ebenezer tó ń béèrè ẹran?

Tún wo àmì òkè tó wà lórí "wó". Ó gùn bí ọ̀pá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń fa àmì òkè báyẹn nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́. Mo nà án, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n hàn án, kò yí padà. Ẹgba mẹ́fà tó ń sọ fún ọ yẹn, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wà.

Fóònù ni ẹ̀yin méjèèjì fi fẹ́ra, mo mọ̀ pé o ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Mi ò sọ pé ènìyàn burúkú ni. Èmi ni mo fi ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi pa orúkọ ìyá mi rẹ́ kó tó dórí pépà. Má pariwo. Fi pépà hàn án, kí o sì dákẹ́.

Ó ku ohun kan tí mo ń rántí láti àná. Nígbà tí mo wọ ilé bàbá rẹ, Ìyàwó ni wọ́n ń pe èmi náà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí nínú ilé kí n tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Èmi ni mo ń fún wọn ní orúkọ tí màá máa pè wọ́n. Àbúrò bàbá rẹ tó máa ń rẹ́rìn-ín sí dígí, mo pè é ní Eyínfúnjowó. Nígbà tó kú, ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé òkú rẹ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò mọ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó, ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo ilé ń jẹ́, ẹnu mi ló ti jáde.

Mi ò ní sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ. Àwọn tó ń bá ọ ṣe ìyẹn ti pọ̀ jù.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún


Redan
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2024

Màámi mi,

Ẹ kú ojú tó ríran o. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí Hajarah náà jókòó, mo mọ̀ pé ó ń kà á.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé pépà náà sínú báàgì mi. Nígbà tí a dé iwájú ilé Eli ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo ní kó dúró. Mo fi fọ́tò náà hàn án. Mo ní, "Ta ló kọ èyí? Ẹ wò ó dáadáa."

Ó ní, "Eli ni."

Mo ní, "Ẹ pè mí bí Eli ṣe ń pè mí."

Ó ní, "Ìyà wo." Ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wo pépà, ó wo mí. "Ṣé Tíṣà ti rí i?"

"Wọ́n ti rí i. Wọ́n ní ẹ ṣì ń fa àmì òkè bí ọ̀pá."

Ó gbé orí lé ìdarí mọ́tò. Mo dákẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n dákẹ́. Ó ní òun lòun kọ ọ́, òun lòun fi ìkòkò àti iyọ̀ sí i, òun lòun ní kí Eli fi mí ti ẹṣin, òun lòun sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òkè fún un. Ó ní òun rí bí wọ́n ṣe fi Joanna ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dìde, òun ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe é, pàápàá nítorí English mi. Ó ní òun fẹ́ kí n wà níbi tí nǹkan kan ò ti ní ṣe mí.

Màámi, ẹ dárí jì mí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń fi "ẹ̀yin" pè é. Lọ́jọ́ yẹn mo fi "ìwọ" pè é. Mo ní, "Nígbà tí wọ́n ń fi Joanna ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ò rẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Mo rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Ó dáa. Dípò kí o sọ fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pé kí wọ́n dákẹ́, èmi lo ní kí wọ́n fi ṣọ́ ẹṣin." Mo sì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Mo lọ bá Joanna nílé ìdáná, mo ní kó wá jókòó tì mí, kò pọn dandan kó ṣeré, kó kàn jókòó. Ó gbé àga wá. Eli bẹ̀rẹ̀: "So, Iyawo is with the horses..." Mo ní, "Bùrọ̀dá Eli, ẹ má bínú. Ṣé Ìyàwó ni mo ń jẹ́ lóòótọ́?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lórí pépà. Mo ní, "Ó dáa. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Orúkọ tí mo bá fún yín ni ẹ ó máa jẹ́ nínú ìtàn yìí láti òní lọ." Mo fa pépà Ebenezer, mo fa ìlà sórí orúkọ jagunjagun rẹ̀, mo kọ Aríjẹ-má-sè.

Eli ní, "What's that mean?" Ojú ọkọ mi ló ń wò. Ọkọ mi ò gbé ojú sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un pé ẹni tó ń rí jẹ tí kì í dáná. Joanna fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo kọ Agbẹnu-ẹni-sọ̀rọ̀ fún Eli. Mo kọ Olùṣọ́-ẹṣin fún ọkọ mi.

Eli bínú. Ó ní, "Iyawo, no. You can't just change what's on people's paper! They picked those names themselves!"

Joanna ló rọra ní, "Eli. Say that again. Slowly."

Mò ń wo ọkọ mi, Màámi. Mi ò wo Eli rárá. Mo ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn mi pé bó bá rẹ́rìn-ín, tàbí bó bá ní "let her rest", mi ò mọ bí màá ṣe wọ mọ́tò yẹn padà sílé. Ó dìde dúró. Ó ní, "Èmi ni mo kọ Ìyàwó síbẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé Oyèrónkẹ́ lòun fẹ́, mo sì kọ Ìyàwó. Eli, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òkè fún ẹ, kò yẹ kí n sọ ọ́, kò yẹ kí ìwọ náà lò ó." Ebenezer ní, "Bro, it's a game." Ó ní, "Nígbà tí Joanna jókòó síbẹ̀ náà, ohun tí a sọ nìyẹn." Ó fa pépà tirẹ̀ sún mọ́ ara rẹ̀, ó kọ Olùṣọ́-ẹṣin lẹ́ẹ̀kejì kó lè hàn dáadáa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Àmì òkè rẹ̀ ṣì gùn.

Joanna ní òun á padà síbi eré bí wọ́n bá gbà pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ara ẹni tòun nínú ìtàn bí òun ò bá fẹ́. Eli sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ fún ìdajì wákàtí. Ó gbà níkẹyìn, ṣùgbọ́n bó ṣe gbà á, mi ò tíì fọkàn tán an. Ebenezer ò wá ní àná. Ó ní shift ló dé.

Eli wá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Oyèrónkẹ́. Mo ní kó gbé bírò wá, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

Àná la tún ṣe eré náà. Ẹ gbọ́, ẹ má sunkún. Oyèrónkẹ́ gba ẹ̀yìn òkè. Eli ní igi ti hù padà, kò sẹ́ni tó bi í bí ó ṣe hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó gun igi, ó fa ọrun, mo ju dáìsì. Ojú kan ṣoṣo ló hàn, Màámi, nínú ogún! Eli ní ẹ̀ka dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn wò mí. Ọkọ mi la ẹnu láti bá mi bẹ̀ ẹ́, mo wò ó, ó pa á dé. Oyèrónkẹ́ jábọ́, ó kú, ọfà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lórí pépà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo pariwo ayọ̀, Joanna náà sì gbè mí lẹ́yìn.

Ẹ má bínú pé ìyá yín tún kú lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ mi. Ẹ fún mi lórúkọ ẹlòmíràn nínú ẹbí kó tó di Sátidé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ igi í gùn.

Mo ti ń kọrin díẹ̀díẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá dún tó bá fẹ́ gbé e lọ sínú mọ́tò, mo máa ń wò ó, á padà jókòó, á dáhùn rẹ̀ níwájú mi. Mo ṣì ń fetí sí ohun tó ń sọ.

Ọkọ́ mi kí yín. Ẹ má mú bírò pupa o, mo mọ ohun tí mo kọ. Mo ṣì ń pọ́n ọn lọ́wọ́ ni.

Ọmọ yín,
Títílọpẹ́